Star Trek ti 1966 àti ti 1987: èwo ló wọni lọ́kàn jù?

Bí àwọn olólùfẹ́ Star Trek, eré tẹlifíṣọ̀n nípa àwọn tó ń fi ọkọ̀ rìnrìn àjò nínú gbalasa òfurufú, bá péjọ, àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán nílẹ̀: ṣé ti Kirk, ọ̀gá ọkọ̀ nínú eré ti 1966, ni àbí ti Picard, ọ̀gá ọkọ̀ nínú ti 1987? Ti Kirk bẹ̀rẹ̀ lórí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n NBC ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1966, apá 79 péré ló ní kó tó kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1969. Ti Picard, láti 1987 sí 1994, ní apá 178. Owó hàn lára rẹ̀, Patrick Stewart tó ṣe Picard sì mọ eré ṣe gan-an.

Síbẹ̀, ti Kirk ni tèmi. Àwọn òǹwòran ló fi lẹ́tà bo NBC mọ́lẹ̀ tó fi rí ọdún kẹta. Ní 1976, lẹ́tà tiwọn náà ló mú kí wọ́n sọ ọkọ̀ òfurufú tí NASA, iléeṣẹ́ ìwádìí òfurufú Amẹ́ríkà, fẹ́ fi ṣe àdánwò ní Enterprise, orúkọ ọkọ̀ inú eré náà. Ẹ tún wo Nichelle Nichols, òṣèrébìnrin aláwọ̀ dúdú inú ti Kirk, nídìí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, pẹ̀lú aṣọ pupa àti irin dídán tó fi sétí! Nígbà tó fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, Martin Luther King ló rọ̀ ọ́ pé kó dúró. Whoopi Goldberg, tóun náà di òṣèré, wò ó nígbà ọmọdé, orí rẹ̀ wú. Ìdí nìyẹn tó fi fúnra rẹ̀ wá iṣẹ́ lọ sínú ti Picard. Mae Jemison, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó dé gbalasa òfurufú, náà bá wọn ṣeré níbẹ̀ ní 1993.

Ẹni tí kò bá ní sùúrù fún eré àtijọ́ lè ti ọ̀dọ̀ Picard bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kó fo ọdún àkọ́kọ́. Eré náà kò tíì dùn nígbà yẹn.