Ẹ ṣọ́ra o: wọ́n ń gba owó ohun tí kò sí lórí òrùlé yín

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kan òrùlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó. Kò tíì pẹ́ tí èmi jìn sí kòtò ọ̀hún.

Ẹni tó ta páànù fún mi, òun náà ló gba iṣẹ́ kíkàn án. Ó kó ìwé owó wá, ó ń ka orúkọ inú rẹ̀ wàrà-wàrà: ridge cap, hip cap, barge board, valley gutter, fascia. Èmi ń mi orí ṣáá. Ojú ń tì mí láti béèrè ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń wà. Mo san gbogbo rẹ̀. Ìgbà tí iṣẹ́ parí ni bàbá káfíńtà kan wá kí mi. Ó wo ìwé, ó wo òkè, ó ní, "Ọmọ mi, fi barge board hàn mí." Mo wò títí, n kò rí i.

Òrùlé tèmi, ojú mẹ́rin ló ní: ó dà síwájú, ó dà sẹ́yìn, ó dà sọ́tùn-ún, ó dà sósì. Ilé olójú méjì, tí ògiri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe ṣónṣó lókè, ni wọ́n ń kan barge board sí, lára etí òrùlé tó dagun lọ sókè yẹn. Fascia ni pákó tó yí etí òrùlé mi ká níbi tí òṣòòrò ti ń ro, mo sì ti san owó ìyẹn lọ́tọ̀. Valley gutter náà, irọ́ ni. Ibi tí ojú òrùlé méjì ti pàdé tí wọ́n sì jìn wọnú bí àfonífojì ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí, kí omi lè gba ibẹ̀ lọ. Ilé tèmi rí gbọọrọ bí àpótí, kò ní kọ̀rọ̀ kankan tó wọnú. Ridge cap tó bo òkè ténté àti hip cap tó ti ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá sí igun ilé, àwọn ìyẹn ni mo nílò lóòótọ́.

Ohun tó dùn mí jù ni èyí tó yẹ kó wà tí kò sí. Òrùlé kékeré tó bo iwájú ilẹ̀kùn fara ti ògiri. Flashing ló yẹ kó wà níbẹ̀, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ ògiri kí omi má bàa gba àárín wọn. Ẹni tó kan òrùlé mi kò fi í síbẹ̀. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, omi ṣàn gba ara ògiri inú ilé, ó fi àbàwọ́n pupa rúsúrúsú sílẹ̀ títí dé òkè ilẹ̀kùn.

Ẹni tó ta páànù fún mi tún sọ pé alumíníọ̀mù ni páànù náà. Mo gbé òòfà sí i, ó lẹ̀ típẹ́típẹ́. Òòfà kì í lẹ̀ mọ́ alumíníọ̀mù rárá; irin ni, wọ́n kàn fi nǹkan mìíràn bò ó lára ni. Irú páànù bẹ́ẹ̀ lè dára, àmọ́ òun kọ́ ni mo sanwó fún. Ẹ tún kíyè sí nọ́ńbà gauge: bó bá ṣe ń ga sí i ni páànù ń fẹ́lẹ́ sí i. Gauge 28 fẹ́lẹ́ ju 26 lọ. Ẹ ní kí wọ́n kọ iye mìlímítà tí páànù nípọn tó sínú ìwé.

Ẹ wo igi inú rẹ̀ kí wọ́n tó fi páànù bò ó: wall plate tó sùn lórí ògiri, rafter tó gùn ún dagun, purlin tó dábùú rafter tí wọ́n ń kan páànù mọ́. Ẹni tó fẹ́ rẹ́ni jẹ yóò jẹ́ kí purlin jìnnà síra wọn, ẹ kò sì ní rí i mọ́ tí wọ́n bá ti bò ó.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ mú ìwé owó dání, ẹ dúró síta pẹ̀lú ẹni tó kọ ọ́, kí ó fi ìka tọ́ka sí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò wà. Èyí tí kò bá lè tọ́ka sí, kí ó fa igi lé e níṣojú yín.