Ọ̀dọ̀ Ìyá, búkà alámàlà ẹ̀yìn Old Garage

Ṣakí ni mo ti wá sí Òṣogbo ní 2019, pẹ̀lú aṣọ méjì àti ₦4,000. Búkà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò ní pátákó lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀dọ̀ Ìyá la kàn ń pè é.

Àmàlà ibẹ̀ dúdú, ó múlọ́múlọ́, kò ní kókó kankan, torí Ìyá fúnra rẹ̀ ló ń rò ó. Kì í gbé ọmọrogùn fún ọmọ iṣẹ́. Gbẹ̀gìrì ki dáadáa. Ewédú nìkan ló máa ń ṣàn jù tí èrò bá pọ̀, mo sì ti sọ fún wọn. Pẹ̀lú ẹran kan, ₦1,500 á yó èèyàn.

Àmọ́ bẹ́ǹṣì tó wà níta ló so mí mọ́ ibẹ̀. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ làwa tá a wá láti Ṣakí, Ìsẹ́yìn àti Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń jókòó síbẹ̀, táwọn bíríkìlà á wá mú lébìrà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò lè dúró de owó oṣù. Ta ni yóò máa bọ́ ọ fún ọgbọ̀n ọjọ́? Iṣẹ́ tó ń sanwó nírọ̀lẹ́ la máa ń mú. Ẹnì kan tiẹ̀ ti gba ₦2,500 lọ́wọ́ mi pé òun á fi mí sí ilé iṣẹ́ kan. Mi ò rí i mọ́ dòní.

Nígbà tó máa fi di oṣù keje, sìmẹ́ńtì ti bó mi níka. Ìyá rí i pé ṣíbí ni mo fi ń jẹ àmàlà. Wọ́n gbé ọwọ́ mi wò, wọ́n fi òrí pa á, wọ́n ní, "Ọmọ mi, iṣẹ́ yìí ń jẹ ọ́ ju bí o ṣe ń jẹ ẹ́ lọ." Ni wọ́n bá pe bàbá kan tó máa ń jẹun níbẹ̀. Iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ irin ló gbé bàbá náà wá sí Òṣogbo ní àwọn ọdún 1980, bí reluwé ṣe gbé bàbá tiwọn náà wá. Nígbà tí ilé iṣẹ́ irin náà dáwọ́ dúró, wẹ́dà tí wọ́n kọ́ níbẹ̀ ni wọ́n fi tọ́mọ. Àwọn ló mú mi lọ bá ọmọ Ṣakí kan tó ń lẹ táìsì.

Ọmọ ìlú ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ la kọ́kọ́ ń wò ká tó wo owó, torí òun ló máa dúró fún ọ. Àwọn méjì tá a jọ ń jókòó gba ọ̀nà Iléṣà lọ wa góòlù. Owó wọn ju tèmi lọ. Ọ̀kan ti padà sórí bẹ́ǹṣì, lẹ́yìn tí ihò ya lu ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Oṣù mẹ́rin gbáko ni Ìyá fi bọ́ mi láwìn. Ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n fi ń kọ ọ́ sára fèrèsé onípákó. Mo ti san án tán, àmọ́ ojú ibẹ̀ ṣì funfun.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ dé ibẹ̀ kí aago méje tó lù. Lẹ́yìn ìyẹn, àmàlà ṣì wà, ṣùgbọ́n àwọn bíríkìlà á ti kó èèyàn lọ tán.