Àyẹ̀wò ọkàn tí màmá mi ṣe lójú ọ̀nà Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́

Bí ẹ bá ní àgbàlagbà nílé tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tí dókítà wọn wá kọ "echo" fún wọn, ìyẹn àyẹ̀wò tí wọ́n ń fi ìró wo ọkàn, ẹ mú wọn lọ sí ilé àyẹ̀wò alájà kan tó wà lójú ọ̀nà Ìlọrin, téèyàn bá ti kọjá Tákíè. Àwọn tó jókòó níwájú kò mọ èèyàn tọ́jú: aago méje àárọ̀ ni wọ́n dá fún wa, oòrùn ti mú kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ, bẹ́ǹṣì ibẹ̀ kò sì ṣeé fẹ̀yìn tì. Inú yàrá ni iṣẹ́ wà.

Ẹ̀rù ń ba màmá mi pé iná ẹ̀rọ á jó ọkàn àwọn. Dókítà ọ̀dọ́bìnrin tó wà níbẹ̀ ní, "Màmá, kì í ṣe X-ray o, ìró lásán ni, etí wa ni kò lè gbọ́ ọ." Ẹ̀rọ á rán ìró wọ àyà, ìró á kan ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ, á padà wá. Bí fèrè tírélà ṣe ń dún ròkè nígbà tó ń bọ̀, tó sì ń rẹlẹ̀ bó bá ti kọjá, bẹ́ẹ̀ ni ìró yìí ṣe ń sọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ dorí kọ àti bó ṣe ń sáré tó. Christian Doppler, ará Austria, ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà lọ́dún 1842, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ló sì ń rò nígbà yẹn.

Dókítà fi àtẹ́lẹwọ́ ra jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń fi pa àyà kó lè lọ́ wọ́rọ́. Màmá fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ òsì rọ orí. Ó yí ojú ẹ̀rọ sí wọn, pupa àti búlúù ń tàn, ń kú.

"Ṣé búlúù yẹn lẹ̀jẹ̀ tó ti bàjẹ́?"

"Rárá, Màmá. Ẹ̀jẹ̀ tó pupa ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ ọwọ́ mi, èyí tó búlúù ń lọ kúrò."

Ohun tó wú mi lórí jù ni pé kò dúró lórí bí ọkàn ṣe ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde nìkan. Nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ọkàn màmá, 60 ló ń tì jáde lẹ́ẹ̀kan, ó dáa. Ó tún fi ọgbọ́n ìró Doppler yẹn wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń wọlé nígbà tí ọkàn bá sinmi, ibẹ̀ ló ti hàn pé ògiri ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti mú nípọn kì í dẹ̀ bó ṣe yẹ. Èémí tó ń há wọn láyà bí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn, tí gbogbo wa ń pè ní ọjọ́ orí, ibẹ̀ ló ti ń wá. Ẹni tó ń kánjú ìbá fi 60 yẹn lé wa lọ sílé.

Ó wo ẹsẹ̀ wọn tó wú náà, ó ń tẹ iṣan ibẹ̀. Èyí tó dáa á tẹ̀ pẹlẹbẹ, èyí tí ẹ̀jẹ̀ dì sínú rẹ̀ kò ní tẹ̀. Tiwọn tẹ̀.

Kò gba ààwẹ̀. Màmá mu ẹ̀kọ kí a tó jáde. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ bùbá tó rọrùn láti bọ́, kí ẹ sì ní kí dókítà ka èsì náà fún yín kí ẹ tó kúrò, torí ìwé tí wọ́n kó fún wa kò yé ẹnikẹ́ni nílé.