DPPH, ABTS, FRAP tàbí ORAC: èwo ni kí ẹ náwó lé?

Ọ̀nà mẹ́rin nìyí tí wọ́n fi ń wọn agbára antioxidant, ìyẹn èròjà tó ń dènà radical, àwọn molecule oníjàgídíjàgan tó ń ba nǹkan jẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ ra èlò àyẹ̀wò antioxidant fún láàbù yín, ẹ má tíì béèrè iye owó. Ẹ kọ́kọ́ wo àwọ̀ ohun tí ẹ fẹ́ yẹ̀ wò àti ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀.

DPPH, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ radical, ló rọrùn jù. Bí ẹ bá pò ó mọ́ methanol, á di elésè àlùkò. Bí antioxidant bá ṣe ń borí rẹ̀ ni àwọ̀ náà ń ṣí lọ sí ìyeyè. Ẹ gbé e sínú òkùnkùn fún 30 ìṣẹ́jú, ẹ kà á ní nánómítà 517, ó parí. Spectrophotometer lásán, ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ tí nǹkan gbà, ti tó fún un. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra bó bá jẹ́ sóbò. Pupa inú ìṣápá ń gba ìmọ́lẹ̀ ní nǹkan bí 520, ẹ̀rọ ò sì mọ èyí tó jẹ́ ti ìṣápá yàtọ̀ sí ti DPPH. Á wá dà bíi pé sóbò yín ò lágbára. Ẹ lè ka sóbò òun methanol nìkan, láìsí DPPH, kí ẹ yọ iye rẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe é.

Èmi á kúkú ra ABTS fún sóbò. 734 ni wọ́n ti ń kà á, ibẹ̀ jìnnà sí pupa yẹn, ó sì gba omi àti ethanol. Wàhálà rẹ̀ ni pé ẹ ní láti pò ó mọ́ potassium persulfate, kó wà nínú òkùnkùn fún wákàtí 12 sí 16. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè, ó di Túsìdeè.

FRAP, tí Benzie àti Strain gbé jáde ní 1996, kì í bá radical jà rárá. Bí ohun èlò ṣe ń sọ irin Fe³⁺ di Fe²⁺ ló ń wọ̀n. Á dúdú bí aró, ẹ ó kà á ní 593. Ó yá, àmọ́ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí glutathione, antioxidant kan tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ara.

ORAC? Bí ẹ ò bá ní ẹ̀rọ tó ń ka fluorescence (ìmọ́lẹ̀ tí èròjà ń tàn jáde) ní 37°C, ẹ gbàgbé rẹ̀. Radical peroxyl tó ń lò jọ ti inú ara lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí oníṣòwò má fi iye ORAC tàn yín: USDA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀gbìn, yọ tábìlì ORAC wọn kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2012, torí àwọn iléeṣẹ́ ń fi í polówó ọjà lọ́nà òdì.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ ra Trolox, antioxidant tí wọ́n fi ń ṣe òṣùwọ̀n, mọ́ ọn, kí ẹ má sì fi iye DPPH ẹlòmíì wé FRAP tiyín.