Àga oníkẹ̀kẹ́ onírin tó kún Òṣogbo: ẹ wo ẹ̀yìn ẹni tó ń tì í kí ẹ tó rà á

Àga oníkẹ̀kẹ́ tó wọ́pọ̀ jù l'Óṣogbo kò ní orúkọ tí ẹnikẹ́ni ń rántí. Onírin ni, ó ṣeé ká pọ̀, awọ oníke dúdú ni wọ́n fi ṣe ìjókòó àti ẹ̀yìn rẹ̀. Táyà ẹ̀yìn jẹ́ íǹṣì 24, ti iwájú íǹṣì 8. Òun ni wọ́n máa ń tò sórí pápá bí olóṣèlú bá ń ṣe ìrónilágbára, òun náà ni ẹ ó bá ní ṣọ́ọ̀bù ohun èlò ìwòsàn. Ó sábà máa ń wọn kílò 17 sí 20. A ò ní kọ iye tí wọ́n ń tà á, nítorí láti òkè òkun ló ti ń wá, bí dọ́là bá sì ti yí ni owó rẹ̀ ń yí.

Ìdájọ́ wa kò le: àga yìí dára fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, fún ẹni tí wọ́n fẹ́ tì láti wọ́ọ̀dù dé ibi àyẹ̀wò kí wọ́n sì tì í padà. Ẹni tí yóò jókòó sínú rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ ní Òkè-Baálẹ̀ tàbí Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ìdajì àga ni wọ́n tà fún un. Ìdajì tó kù, ara ìyàwó, ọmọ tàbí àbúrò tó ń tọ́jú rẹ̀ ni yóò ti jáde, wọn kì í sì í kọ ìyẹn sínú rìsíìtì.

Ìbú rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ sọ. Ìwọ̀n kan ṣoṣo ló pọ̀ lọ́jà, ìyẹn ìjókòó sẹ̀ǹtímítà 46. Bí ẹ bá wọn àga náà láti etí kan dé ìkejì, yóò tó sẹ̀ǹtímítà 64 sí 66. Ilẹ̀kùn balùwẹ̀ àti ilé ìyàgbẹ́ nínú ọ̀pọ̀ ilé wa kò ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 61. Ẹnu ọ̀nà ni àga yóò dúró sí, láti ibẹ̀ dé inú, gbígbé ni. Bí ẹni tó jókòó bá sì kéré, ìbú yẹn kan náà ni yóò jẹ́ kó máa wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Ìbàdí ẹni náà gan-an ni kí ẹ wọ̀n, kí ìjókòó má fi ju ìka méjì jù ú lọ lápá ọ̀tún, ìka méjì lápá òsì. Ẹ wọn ìdí dé ẹ̀yìn orúnkún pẹ̀lú, kí ìjókòó fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 sí 6 kúrú jù ú. Bí etí rẹ̀ bá ń gún ẹ̀yìn orúnkún, ẹni náà yóò máa yọ̀ wá síwájú.

Apá àga ni àléébù tó ń ba ẹ̀yìn olùtọ́jú jẹ́ jù. Lára irú èyí tó pọ̀ jù, wọ́n jó apá náà mọ́ férémù, kò ṣeé yọ, kò ṣeé ṣí sẹ́yìn. Kí ènìyàn tó ti orí àga bọ́ sórí ibùsùn, àfi kí ẹ gbé e kọjá lókè apá náà. Èyí tí apá rẹ̀ ń ṣí gbówó lórí díẹ̀, òun ni kí ẹ béèrè. Pẹ̀lú rẹ̀, ẹ ní kí káfíńtà gé pákó plywood tó nípọn íǹṣì mẹ́ta nínú mẹ́rin, kó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 70, kó fẹ̀ tó 25, kó fi sáńpépà ha gbogbo etí rẹ̀ títí yóò fi dán. Ẹ ti bíréèkì méjèèjì, ẹ ṣí apá, ẹ ki orí kan pákó náà sábẹ́ itan kan, ẹ tẹ́ orí kejì pákó sórí ibùsùn, kí ẹni náà máa fi ìdí sún díẹ̀díẹ̀. Ibùsùn àti ìjókòó gbọ́dọ̀ ṣe déédéé. Bí ibùsùn bá ga jù, ẹ gé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìjókòó awọ yẹn a máa rọ̀ láàárín, á wá tẹ̀ wọlé, itan méjèèjì á máa fún ara wọn. Ẹ tẹ́ pákó pẹlẹbẹ sí i, kí ẹ tó gbé tìmùtìmù lé e. Nípa tìmùtìmù, ìrọ̀rí lásán kò tó rárá. Fóòmù ìpele méjì ni kí ẹ ṣe: èyí tó le, sẹ̀ǹtímítà 5, nísàlẹ̀, kí wọ́n gbẹ́ ihò sí i níbi tí eegun ìdí méjèèjì máa ń gbé, kí ẹ wá fi èyí tó rọ̀, sẹ̀ǹtímítà 5, sórí rẹ̀. Ẹ dán an wò báyìí: kí ẹni náà jókòó, kí ẹ ki ọwọ́ sábẹ́ tìmùtìmù gan-an níbi eegun ìdí. Bí orí ìka yín bá lè mì sókè sílẹ̀ díẹ̀, ó dára. Bí kò bá lè mì àmọ́ tó ṣì rọrùn láti fà jáde, ẹ ṣọ́ra. Bí ó bá há pinpin, egbò ń bọ̀. Tìmùtìmù yìí yóò gbé ẹni náà ga sí i ní sẹ̀ǹtímítà 10, nítorí náà ẹ gbé ibi ìgbẹ́sẹ̀lé sókè, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ á máa fì. Ojú ìbòrí méjì ló yẹ kó ní kí a lè máa fọ ọ̀kan. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rá kan awọ ara ní tààrà, òógùn á rẹ ẹ́. Ẹ má sì sá fóòmù sínú oòrùn, ó máa ń le.

Síbẹ̀ náà, tìmùtìmù kò dá iṣẹ́ ṣe. Ẹni tí kò bá mọ ìdí rẹ̀ lára gbọ́dọ̀ tẹ̀ síwájú tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi ìṣẹ́jú méjì, lẹ́yìn gbogbo ìṣẹ́jú 20 sí 30. Bí kò bá lè dá a ṣe, ẹnì kan ni yóò máa tẹ̀ ẹ́. Lóru, wákàtí méjì méjì ni kí wọ́n máa yí i padà.

Ibí ni ọ̀rọ̀ àwọn ará àdúgbò ti máa ń bí wa nínú. "Ṣebí wọ́n ti fún un ní kẹ̀kẹ́, kí ló tún ń fẹ́?" Bí ẹnì kan bá sì sọ pé ó yẹ kí ìjọba máa san nǹkan lóṣù fún ọmọbìnrin tó pa ìsọ̀ rẹ̀ l'Ọ́jà Ọba tì láti máa tọ́jú ìyá rẹ̀, èsì tó ń gbà ni pé, "Ṣé ó fẹ́ gbowó lórí ìyá tó bí i ni?" Ojúṣe ọmọ ni lóòótọ́, àmọ́ ojúṣe kì í san owó ọkọ̀. Òfin tó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ àwọn akàndá ẹ̀dá, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2019, fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún 5 láti ṣe ọ̀nà tí àga lè gbà wọlé. Ọdún 5 náà pé ní 2024. Ó ní ìtanràn mílíọ̀nù kan náírà fún ilé-iṣẹ́ tó bá yà wọ́n sọ́tọ̀, ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 6 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Olùtọ́jú tó wà nílé kò rí owó oṣù kankan nínú rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í san irú owó bẹ́ẹ̀ ní 1976, ṣùgbọ́n wọ́n yọ obìnrin tó ní ọkọ kúrò títí di 1986, wọ́n ní ilé náà ni yóò kúkú wà. Ẹ ò rí i pé èrò yẹn kì í ṣe tiwa nìkan. Wákàtí 35 lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń béèrè níbẹ̀ kí wọ́n tó sanwó. Ẹni tó ń yí ènìyàn padà lóru, tó ń gbé e wọ balùwẹ̀, tó ń fún un lóúnjẹ, wákàtí 35 rẹ̀ á pé kí ọ̀sẹ̀ tó dé ìdajì.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí irin. Táyà iwájú kékeré yẹn kì í gba iyanrìn, ẹnu gọ́tà sì máa ń gbé e mì. Ẹ kọ́ láti tẹ àga sẹ́yìn kí iwájú gbéra, kí ẹ fi táyà ńlá nìkan kọjá. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kan ṣoṣo, ẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé wá, kí ẹ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ da sìmẹ́ńtì sí ẹnu ọ̀nà, gbogbo sẹ̀ǹtímítà kan tó ga gba sẹ̀ǹtímítà 12 ní gígùn: òkè tó ga ní 15, ọ̀nà rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn tó 180. Èyí tí ọ̀pọ̀ bíríkìlà ń ṣe kò tó ìdajì ìyẹn, àga á fẹ́ dojú dé.

Àárín oṣù díẹ̀, irun àti òwú á wé mọ́ bẹ́árìn iwájú. Ẹ tú u, ẹ nù ún, ẹ fi gíríìsì sí i. Táyà ẹ̀yìn tí kò gba afẹ́fẹ́ kì í jò, àmọ́ gbogbo òkúta ojú ọ̀nà ni ẹni tó jókòó á máa jẹ nínú eegun. Bí ọ̀nà àdúgbò yín bá burú, ẹ yan èyí tó gba afẹ́fẹ́, fọkanáísà kan kì í jìnnà. Irin tó dábùú abẹ́ ìjókòó ló sábà máa ń kán, gan-an níbi tí ihò bóòtù wà. Páìpù rẹ̀ tín-ín-rín, nítorí náà ẹ sọ fún ajórin pé kó má lo electrode gauge 10, tí yóò dá a lu. Gauge 12 ni. Kó ki irin kékeré sínú páìpù náà kó tó jó o, kí ẹ sì ti tú awọ ìjókòó kúrò, iná á yọ́ ọ.

Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ìlànà fún pípèsè àga yìí ní 2008, ìgbésẹ̀ 8 ló wà níbẹ̀: àyẹ̀wò, ìwọ̀n, ìdánrawò, ẹ̀kọ́ fún ẹni tó ń lò ó àti ìtọ́jú lẹ́yìn náà wà lára wọn. Ìrónilágbára sábà máa ń ṣe ẹyọ kan, kíkó àga jáde, fọ́tò sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá fẹ́ ṣàánú, kó ra díẹ̀ tó bá ara mu, kó fi owó yòókù ra fóòmù.

Ní ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ tó sanwó, ẹ ká a, ẹ tún ṣí i. Ẹ ti bíréèkì, kí ẹ sì gbìyànjú láti sún un. Ẹ yí táyà kọ̀ọ̀kan, ẹ wò ó bóyá ó ń jó. Ẹ tì í lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ wá fi ọwọ́ sílẹ̀; bí ó bá ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, férémù ti wọ́ nìyẹn, ẹ béèrè òmíràn.