Àpérò Lórí Ìwà Ẹ̀dá ní Òṣogbo: Ó Yẹ Kí Ẹ Lọ, Ṣùgbọ́n Ẹ Jẹ́ Kí Ìlú Sọ̀rọ̀

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ sí àpérò olóṣooṣù kan tí àwọn olùkọ́ yunifásítì máa ń ṣe fún gbogbo ènìyàn ní gbọ̀ngàn kan tí kò jìnnà sí oríta Ọláìyá ní Òṣogbo, níbi tí wọ́n ti ń jíròrò lórí ìwà ọmọ ènìyàn àti bí a ṣe ń bá ara wa gbé. Wọn kì í gba owó ẹnu ọ̀nà. Aago mẹ́ta ọ̀sán Sátidé ni wọ́n kọ sára ìwé ìkéde, ṣùgbọ́n aago mẹ́ta kọjá ogójì ìṣẹ́jú ni ètò máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà kí ẹni tó bá ń ti Ìkìrun tàbí Ìlobùú bọ̀ má ṣe sáré àsápajúdé.

Ìjókòó àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ mi pọ̀ lé lórí, torí òun ló jẹ́ kí n tún padà lọ. Olùbánisọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ya ìlà kan sójú pátákó, ó ya mẹ́ta mìíràn tí gígùn wọn kò dọ́gba sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì ní kí a mú èyí tó bá ti àkọ́kọ́ mu. Ọmọdé kò lè ṣì í mú. Ìgbà náà ló wá ṣàlàyé ohun tí Solomon Asch, onímọ̀ nípa ìṣesí ẹ̀dá, ṣe ní Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950: ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ sínú yàrá, ó sì ti bá wọn pa á pọ̀ pé kí wọ́n máa fi ẹnu kan mú ìlà tí kò tọ̀nà, àyàfi ẹnì kan ṣoṣo tí kò mọ̀ sí i. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tí ó dán wò báyìí ló gba irọ́ náà wọlé, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí òtítọ́ wà lójú pátákó.

Ìyá aláṣọ kan láti Ọjà Ọba nawọ́ sókè. Ó ní ohun tí ìlà yẹn ń sọ, aṣọ ẹbí ti sọ ọ́ fún àwọn tipẹ́. Nínú ẹgbẹ́ tiwọn, bí ẹni mẹ́ta àkọ́kọ́ bá ti ní léèsì olówó ńlá dára, gbogbo ẹgbẹ́ ni yóò ní ó dára, títí kan ẹni tí kò tíì san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀. Olùbánisọ̀rọ̀ bi í bóyá ó máa ń gbà lọ́kàn rẹ̀ pé aṣọ náà tó bí wọ́n ṣe pè é. Ó dáhùn pé rárá, ojú òun kò tan òun jẹ, ṣùgbọ́n àwọn tí òun bá lòdì sí lónìí ni yóò wá bá òun ṣe ìnáwó lọ́la.

Ìdáhùn yìí wọ̀ mí lára, nítorí ó gbé ohun tí ìwádìí Asch kò wọ̀n kalẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyẹn jókòó fún ìbéèrè méjìdínlógún péré kí wọ́n tó tú ká. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ìyá aláṣọ kò tú ká láti bí ogún ọdún. Ó dùn mí pé olùbánisọ̀rọ̀ kò rántí mẹ́nu kan Akinsola Akiwowo, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ àwùjọ ní yunifásítì Ifẹ̀ tí kò jìnnà sí wa, ẹni tí ó fi àjọbí àti àjọgbé ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ̀, tí ó sì gbé àsùwàdà, èrò pé ńṣe ni a dá ẹ̀dá láti máa wà papọ̀, jáde láti inú ẹsẹ Ifá lọ́dún 1986 fún àwọn onímọ̀ àwùjọ káríayé láti yẹ̀ wò. Àjọgbé gan-an ni ìyá yẹn ń sọ.

Ìyá aláṣọ fẹ́ tẹ̀ síwájú nígbà tí olùdarí ètò lu agogo. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni wọ́n yọ̀ǹda fún gbogbo ìbéèrè, lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wákàtí kan ààbọ̀, ẹni tó bá sì fi Yorùbá sọ̀rọ̀ ní láti dúró kí ẹnì kan túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, nínú gbọ̀ngàn tí kò sí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá. Gbólóhùn márùn-ún ìyá náà di ẹyọ kan lẹ́nu ògbufọ̀. Èyí ni ẹ̀sùn mi tó wúwo jù. Àwọn olùwádìí ti fi hàn pé ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí a fi ṣe ìwádìí ìṣesí ẹ̀dá nínú àwọn ìwé ìmọ̀ ńláńlá ló wá láti àwọn orílẹ̀-èdè tí kò ní ju ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn ayé lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ohun tí obìnrin Òṣogbo kan mọ̀ nípa ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ara ìmọ̀ tí a ń wá, kò sì yẹ kí agogo gé e.

Ìta ni mo ti gbọ́ ìyókù lẹ́nu ìyá aláṣọ. Ó ní lọ́dún kan, opó kan dìde nínú ìpàdé, ó ní òun kò ní ra aṣọ náà, lójú ẹsẹ̀ ni àwọn mẹ́rin mìíràn sì sọ pé àwọn náà kò ra. Bẹ́ẹ̀ ni Asch pẹ̀lú rí i pé bí ẹnì kan ṣoṣo bá sọ òtítọ́ nínú yàrá náà, àwọn tó ń gba irọ́ máa ń dín kù gidigidi. Ẹ ò rí i pé èyí ni ìjíròrò tí a wá ṣe!

Ìjókòó kejì dára: wọ́n sọ̀rọ̀ lórí Adeoye Lambo, oníṣègùn àrùn ọpọlọ, àti ètò tí ó dá sílẹ̀ ní Aró, ní Abẹ́òkúta, lọ́dún 1954, níbi tí àwọn alárùn ọpọlọ ti ń gbé pẹ̀lú ẹbí wọn láàárín àwọn ará abúlé bí wọ́n ṣe ń gba ìtọ́jú. Ní ìjókòó kẹta, olùbánisọ̀rọ̀ ka ìwé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìgbé ojú sókè. Àga wọn dára, ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn kì í dákú, ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà ní ẹgbẹ̀rún kan náírà sì tó owó rẹ̀.

Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé àbá tí wọ́n pín fún wa pé kí ìbéèrè gba ìṣẹ́jú márùnlélógójì, kí a sì máa béèrè ní Yorùbá láìsí ògbufọ̀. Ìyá aláṣọ ní òun yóò ti ìsọ̀ òun ní aago méjì lóṣù tó ń bọ̀, opó yẹn yóò sì bá òun wá.