Búlọ́ọ̀kù alámọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ fún wa lẹ́yìn Ìsàn-Èkìtì: ibi tó dára sí àti ibi tó kù sí

Èmi àti baálé mi ń kọ́ ilé sí ẹ̀yìn Ìsàn-Èkìtì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́, lórí ilẹ̀ tí wọ́n pín kàn án nínú oko bàbá rẹ̀. Ògiri ti dúró, pánù ti wà lórí, ìlẹ̀kùn àti fèrèsé ló kù. Àwọn tó ń kọjá máa ń yà wá bi wá léèrè nípa búlọ́ọ̀kù pupa tí a ò fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú yẹn, ni mo bá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí. N ò ní dárúkọ àwọn tó ṣe é.

Ẹ̀rọ ni wọ́n máa ń gbé wá bá èèyàn lórí ilẹ̀. Dísù ló ń mu. Wọ́n á wú amọ̀ pupa tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á po sìmẹ́ńtì díẹ̀ mọ́ ọn, ẹ̀rọ á wá tẹ̀ ẹ́ di búlọ́ọ̀kù elétí tó ń há mọ́ ara wọn. Wọn kì í sun ún níná, kì í ṣe irú bíríkì sísun tí àwọn àgbà Èkìtì mọ̀ mọ́ ìlú Ìrè. Ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, ìyẹn ìlà búlọ́ọ̀kù ìsàlẹ̀ pátápátá, àti àwọn ẹsẹ̀ tó kẹ́yìn lókè ni wọ́n ń fi sìmẹ́ńtì lẹ̀. Tàárín, gbígbẹ ni wọ́n ń tò ó. Iye búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi ń gba owó iṣẹ́, ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì, dísù àti omi, ọwọ́ onílé ló ti ń wá. Ẹ béèrè dáadáa kí ẹ tó sọ pé owó wọn kéré.

Ọ̀nà oko ló lé wa débẹ̀. Tí òjò bá ti rọ̀, típà ò lè gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wọ ilẹ̀ wa, búlọ́ọ̀kù oníyanrìn tí wọ́n bá sì kó wá, ìdajì á ti la kó tó délé. Amọ̀ ní tirẹ̀ kò gun ọkọ̀.

Ọkùnrin tó ṣáájú àwọn òṣìṣẹ́ náà mọ amọ̀, ẹ jẹ́ kí n fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ wá rárá ló ti wá gbẹ́ ihò síbi mélòó kan. Ilẹ̀ dúdú òkè tó ní gbòǹgbò àti ewé jíjẹrà nínú, ó ní ká kó o sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ọgbà ẹ̀fọ́. Abẹ́ rẹ̀ ló ti bu ilẹ̀ pupa sínú ìgò oníke tó mọ́ gaara, kò kún ju ìdajì lọ. Ó da omi sí i, ó fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ó dé e, ó gbọ̀n ọ́n dáadáa, ó sì gbé e síbi tí ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn án. Nígbà tó yá, yanrìn ti sùn sísàlẹ̀, èyí tó kúnná díẹ̀ wà lórí rẹ̀, amọ̀ gidi tó ń yọ̀ wà lókè pátápátá. Ó fi ìka wọ̀n ọ́n lára ìgò. Ó ní yanrìn ló gbọ́dọ̀ pọ̀ jù; bí amọ̀ bá ti gba ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, búlọ́ọ̀kù á máa sán bó bá ṣe ń gbẹ, àfi kí wọ́n po yanrìn mọ́ ọn. Ti ihò ìsàlẹ̀ lẹ́bàá odò, amọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù. Àwọn ìyá amọ̀kòkò Ìsàn ni ìyẹn yẹ, kì í ṣe àwa. Ti òkè la lò.

Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, á bu ẹ̀kúnwọ́ èyí tí wọ́n pò, á fún un pọ̀ mọ́wọ́, á na ọwọ́ dé ìwọ̀n èjìká, á jẹ́ kó já bọ́ sórí ilẹ̀ líle. Bó bá fọ́ sí mẹ́rin márùn-ún, omi rẹ̀ ṣe déédéé. Bó bá lẹ̀ pẹ́tẹ́, omi ti pọ̀. Bó bá tú ká di ìyẹ̀pẹ̀, omi ò tíì tó. Sìmẹ́ńtì tí wọ́n ń lò wà láàárín ìdá 5 sí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, bí amọ̀ bá ṣe rí. Àpò sìmẹ́ńtì oní 50 kílò kan yọ tó bíi búlọ́ọ̀kù 70 fún wa. Èyí tí wọ́n bá ti pò, àfi kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tán láàárín nǹkan bíi wákàtí kan, torí sìmẹ́ńtì ò ní dúró de ẹni tó ń lọ pọnmi. Kànga la kọ́kọ́ gbẹ́ kí ẹ̀rọ tó dé, ẹ̀yin náà ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ibi tí a ti fa ọ̀rọ̀ nìyí. Búlọ́ọ̀kù yìí, bó ṣe ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ á ti dán, ẹ ó rò pé ó ti tó kọ́lé. Kò tíì tó. Ó kéré tán, ó yẹ kó lo ọjọ́ 7 lábẹ́ náílọ́nù, kí wọ́n máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ọjọ́ 28 sì ni wọ́n ń kà kí agbára sìmẹ́ńtì tó pé. Àwọn òṣìṣẹ́ yìí ní ọjọ́ mẹ́ta ti tó, pé báyìí làwọn ṣe ń kọ́lé káàkiri Èkìtì. Iṣẹ́ míì ló ń dúró dè wọ́n, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Baálé mi kì í jiyàn. Ó lọ mú méjì wá, ọ̀kan láti àárín òkìtì tí náílọ́nù bò dáadáa, èkejì láti etí tí atẹ́gùn ti ṣí, ó fi èékánná ha igun wọn níwájú gbogbo wa. Ti àárín ò yọ nǹkan kan. Ti etí ń dà wúruwúru sílẹ̀.

"Ẹ̀yin ọ̀gá, ṣé èyí lẹ fẹ́ kó gbé òrùlé mi?"

Wọn ò tún sọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́ta mọ́.

Tí wọ́n bá ní ẹnikẹ́ni lè tò ó, ẹ má gbà. Ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Bí kò bá tẹ́jú, wíwọ́ rẹ̀ á máa bá yín gòkè, kò sì sí sìmẹ́ńtì láàárín tí bírikílà á fi bò ó. Bírikílà tí wọ́n mú wá ń kánjú. Ògiri yàrá kan wọ́ síta, a ní kí wọ́n tú u. Oore kan ni pé ó ṣeé tú láìfọ́. Àgbà bírikílà kan láti Ifàkì ló parí rẹ̀ fún wa, ó rọra ń fi okùn àti omi wọ̀n ọ́n ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Oníná ńkọ́? Òòlù àti irin ló gbé dé, ó fẹ́ máa la ògiri kiri fún páìpù wáyà. Mo sáré jáde! Ẹ pe oníná kí ògiri tó ga, kí ó máa la ojú páìpù sí i bí wọ́n ṣe ń tò ó.

Ti owó: ògiri mítà kan níbùú lóròó ń gba bíi 36 nínú èyí, nígbà tí oníyanrìn ń gba 10. Ẹ má fi iye ẹyọ kan wé ẹyọ kan. Ibi tí èrè wà ni sìmẹ́ńtì ìtò tí ẹ ò rà, rírẹ́ ìta tí ẹ ò san, àti owó ọkọ̀.

Ìyá baálé mi kọ́kọ́ fajú ro. "Ìyàwó, ṣé ilé amọ̀ tí a sá kúrò nínú rẹ̀ lẹ tún ń kọ́ yìí?" Ní báyìí, bí oòrùn bá ti mú, páálọ̀ tí kò tíì nílẹ̀kùn yẹn lẹ ó ti bá wọn. Wọ́n ní àwọn ń ṣọ́ òṣìṣẹ́. Inú ilé náà tutù lọ́sàn-án lóòótọ́. Òjò nìkan ni mo ṣì ń bẹ̀rù: ìpìlẹ̀ wa, kọ́ńkéré àti búlọ́ọ̀kù oníyanrìn ni, a gbé e ga kúrò nílẹ̀, a da oògùn ikán sí i, a sì jẹ́ kí etí òrùlé yọ síta dáadáa kí omi má ta sí ẹsẹ̀ ògiri. Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣe èyí, kó lọ máa ra oníyanrìn.

A ṣì fẹ́ kọ́ ilé ìdáná sẹ́yìn. Ẹ̀rọ wọn la ó tún pè, àti ọ̀gá alámọ̀ yẹn. Bírikílà wọn, rárá o. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ pè wọ́n. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé búlọ́ọ̀kù tó bá fọ́ kí ọjọ́ 28 tó pé, tiwọn ni, kí ẹ sì di díẹ̀ mú nínú owó iṣẹ́ títí ọjọ́ yẹn á fi pé. Tiwa gbà, lẹ́yìn ariwo díẹ̀.